Ẹ̀dọ̀ Ọjọ́bọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀dọ̀ tí kò ní korò lẹ́nu ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀dọ̀ Adétóun ló ń gbà lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta inú ẹran lẹ́bàá odò ẹran, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù láràárọ̀. Ó ń ta fùkù, ó ń ta ṣàkì, ó ń ta ìfun, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Ẹlẹ́dọ̀ ni ọlọ́kadà ń pè é, Ìyá Ẹlẹ́dọ̀ ni ìyàwó pásítọ̀ ń pè é, àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn ò mọ̀ pé ó lórúkọ mìíràn. Bó bá ti fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ bí màlúù náà ṣe lo ayé rẹ̀. Àpò òróòro tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ìbẹ̀rù yọ, ó ń yọ ọ́ bí ẹni ń já ewé. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá tà, kò bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, ó sì máa ń fi í yangàn.

Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí kì í bẹ̀rù. Ó ti bá wolé-wolé fa ọ̀rọ̀ títí tí wolé-wolé fi tọrọ gáfárà. Màlúù já okùn lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin gun ògiri, Adétóun dúró sídìí tábìlì rẹ̀, ó ní ẹran tí òun máa tà lọ́la kò lè lé òun lónìí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rù dé bá a lóòótọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé.

Ojú ló ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Keje, ẹyinjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, ara ń yún un débi pé ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló fi ń họ ẹsẹ̀. Ó ní ibà pọ́njú ni. Ta ni kò mọ ibà pọ́njú? Obìnrin kan ní Ayépé bá a se àgbo, ó mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú túbọ̀ pọ́n sí i. Ó bá ra gíláàsì dúdú, ó ń fi í jókòó ti ẹran. Àwọn oníbàárà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Ẹlẹ́dọ̀ ti di gbajúmọ̀, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti rí irú màlúù bẹ́ẹ̀ rí, èyí tí ọ̀rá inú rẹ̀ pọ́n látòkè délẹ̀ nítorí pé nǹkan dí ọ̀nà òróòro pa. Ó mọ ibi tí wọ́n ń ju irú rẹ̀ sí. Ó mọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, ẹ̀rù náà sì ń jẹ ẹ́ lọ nínú.

Ọjọ́bọ̀ ni àṣírí tú, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àwọn dókítà.

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́dúnrìn ti kọ́kọ́ wá bá a pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́. Oníṣẹ́ abẹ ni, ọmọ ìlú ni, ó sì ń kọ́ àwọn dókítà tí kò tíì dàgbà nínú iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Ẹ̀dọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara kan tó sùn gbọọrọ sẹ́yìn àpòlúkù tí wọ́n ń pè ní pankíríàsì. Ó ṣàlàyé fún Adétóun pé bí àìsàn bá mú ibẹ̀, wọ́n ní láti gé ọ̀nà tí òróòro ń gbà, kí wọ́n wá fi òwú tó tín-ín-rín bí irun rán an mọ́ ìfun. Bí ojú rírán náà bá jò sínú, aláìsàn lè kú. Ó ní òun kò fẹ́ kó jẹ́ pé ara ènìyàn ni ọmọṣẹ́ òun yóò ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Kí Adétóun máa bá òun fi ẹ̀dọ̀ màlúù mẹ́fà sílẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kó má gé ọ̀nà òróòro ara rẹ̀ kúrò, kó fi ìfun díẹ̀ tì í. Àwọn ọmọṣẹ́ òun yóò máa rán an, wọn yóò da omi aláwọ̀ sí i láti wò ó bóyá ó ń jò, òun yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ta ló rán kí ni, èwo ló jò, àti bó ṣe rí fún àwọn aláìsàn tí ẹni náà rán lẹ́yìn ìyẹn. Ìwádìí ni.

"Ṣé ẹ máa jẹ ẹ̀dọ̀ náà tẹ́ ẹ bá rán an tán?" Adétóun bi í.

"Rárá, màámi. A máa dáná sun ún ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba nǹkan jẹ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ Adétóun dàgbà, bí gààrì bá dà sílẹ̀, wọ́n ń ṣà á ni. Ẹni tó bá da oúnjẹ nù, Ọlọ́run ń wò ó. Kó wá gbé ẹ̀dọ̀ tútù, tí aboyún ń wá kiri, fún ẹni tó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún un kó sì dáná sun ún? Kò lè ṣe é. Yẹ̀kínì alápatà, tó ń já ẹran fún un, sì máa ń ní àwọn ẹ̀dọ̀ kan tí wolé-wolé kì í jẹ́ kí wọ́n tà, àwọn tí kòkòrò pẹlẹbẹ inú koríko àbàtà ti jẹ. Ó máa ń le, ọ̀nà òróòro rẹ̀ á nípọn, á gan bíi páìpù omi. Kòtò ni wọ́n ń jù ú sí. Adétóun ní kí Yẹ̀kínì máa kó o fún òun. Ẹ̀dọ̀ sáà ni ẹ̀dọ̀ í jẹ́, wọn ò kúkú ní jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, èyí tí kò dáa ló ń wọ kúlà àwọn dókítà. Kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, kò sì fi ṣe ìkà. Inú rẹ̀ dùn pé òun gba oúnjẹ ọmọ ènìyàn sílẹ̀, òun sì tún ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́.

Dókítà Jọmílójú, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló máa ń wá gbé kúlà náà. "Ìyá, ẹ̀dọ̀ yín rọrùn láti rán," ló máa ń sọ. "Ó ń di òwú mú." Adétóun á rẹ́rìn-ín sínú.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Jọmílójú kò fọwọ́ kan kúlà. Ó dúró, ó ń wo Adétóun bó ṣe ń họ apá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ gíláàsì yẹn."

"Oòrùn ń pa mí lójú."

"Òjò ló ṣú, Ìyá. Ẹ bá mi bọ́ ọ."

Adétóun bọ́ ọ. Ọmọbìnrin náà fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó wò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a palẹ̀ ẹran mọ́ kúrò lórí tábìlì. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Adétóun ju ohunkóhun lọ. Dókítà tó bá ń bá ènìyàn palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́sàn-án gangan ti rí nǹkan.

Nílé ìwòsàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́dúnrìn fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà nínú rẹ̀ fún un, níṣojú Títílọpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe tíṣà. Kókó kan wà lórí pankíríàsì. Ó kéré, kò tíì ràn, ṣùgbọ́n ó ti dí ọ̀nà òróòro pa. Bí wọ́n bá gé e kúrò kíákíá, tí wọ́n sì tún ọ̀nà òróòro rán mọ́ ìfun, Adétóun lè pẹ́ láyé. Bí wọn ò bá gé e, ó lè má rí ọdún tuntun. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó ní, ni pé ẹran ara inú rẹ̀ rọ̀, kò le rárá, yóò gba sùúrù láti rán. Wọ́n dá ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Láàárín wọ́ọ̀dù obìnrin àti wọ́ọ̀dù ọkùnrin, bẹ́ǹṣì kan wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn aláìsàn ti ń gba atẹ́gùn, ibẹ̀ ló ti pàdé Bàbá Theophilus. Télọ̀ ni ní Ìjẹ̀bú-Imusin, ó ju Adétóun lọ díẹ̀. Irú iṣẹ́ abẹ kan náà ni wọ́n ti ṣe fún un ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Rọ́bà kan yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀, ó wọ inú àpò ọ̀rá kan tó ń gbé káàkiri.

"Ó ń jò ni," ló sọ fún Adétóun, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òrùlé. "Ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀. Omi inú àpò kọ́kọ́ dà bí èyí tí wọ́n fi ṣan ẹran, ìgbà tó yá ló di báyìí."

Adétóun wo inú àpò. Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé àwọ̀ yẹn fún un. Òróòro ni.

"Ta ló rán an fún yín?"

"Ọ̀gá ló gé e. Dókítà Jọmílójú ló rán an. Ọmọ dáadáa ni o. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, ó ń wá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bí i."

Adétóun mú orúkọ náà padà sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì rí ibi gbé e kalẹ̀. Ó ń rí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó ń rí abẹ́rẹ́, ó sì ń fọwọ́ pa ikùn ara rẹ̀ láìmọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀jọ̀gbọ́n kó àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ dé ìdí bẹ́ǹṣì náà láti wo Bàbá Theophilus. Àṣà rẹ̀ ni pé bó bá ń kọ́ni níwájú aláìsàn, Yorùbá ni yóò fi sọ ọ́, kí ẹni tó ni ara lè gbọ́.

"Ẹ wo ohun tó ń dà mí láàmú nínú ìwádìí yìí," ó ní. "Ọdún mẹ́ta la ti ń fi ẹ̀dọ̀ màlúù kọ́ṣẹ́. Níbi tí inú aláìsàn bá ti le, iṣẹ́ yín dára ju tàwọn tó ṣáájú yín lọ. Níbi tó bá ti rọ̀, bíi ti Bàbá yìí, ó dà bí ẹni pé ẹ ò kọ́ nǹkan kan rí. Ẹ ń fa òwú jù, ara ń ya. Kí ló fà á?"

Jọmílójú dorí kodò.

Adétóun mọ ìdáhùn náà. Láàárín gbogbo àwọn oníwèé yìí, òun tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú aṣọ wọ́ọ̀dù lọ́rùn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dọ̀ tó gan bíi páìpù ni wọ́n fi kọ́ wọn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fà á tó, kò lè ya. Ọwọ́ tó sì kọ́ ìfàkufà lára ẹ̀dọ̀ òun ló máa wọ inú òun lọ́jọ́ Ẹtì, inú tó rọ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé etí rẹ̀ di, kò gbọ́ ìyókù ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Títílọpẹ́ gbé òun lọ sílé obìnrin alágbo ní Ayépé. Títílọpẹ́ ní òun ò gbọ́. Adétóun wá dúró de Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Ọ̀gá dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín nìkan ni mo fẹ́ nínú mi."

"Èmi ni mo máa gé e, Ìyá. Jọmílójú ló máa rán ọ̀nà òróòro, èmi á dúró tì í. Tí mo bá ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, tí mo bá kú ńkọ́? Ta ló máa rán ti ọmọ yín?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bẹ̀rù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tó ti rán ẹ̀dọ̀ yín. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ ọ́. Ó lanu, ẹnu náà sì padà dé. Wọ́n lè lé e jáde. Wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Èyí tó burú jù ni pé inú lè bí Jọmílójú, wọn kì í sì í bú ẹni tó ń fárí fún ni kó tó fárí tán. Adétóun tí kò sá fún màlúù tó já okùn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bo orí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ibà mú Bàbá Theophilus. Wọ́n gbé e kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lù mọ́ra wọn, àpò náà wà lórí àyà rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Jọmílójú wá fa ẹ̀jẹ̀ lára Adétóun. Ojú rẹ̀ wú.

"Ìyá, ọkàn yín á balẹ̀ báyìí," ó sọ láìwo ojú rẹ̀. "Mo gbọ́ pé ẹ ò fẹ́ ọwọ́ mi. Mo ti sọ fún Ọ̀gá pé mi ò rán ènìyàn mọ́. Mo máa lọ wá irú iṣẹ́ dókítà mìíràn. Ọwọ́ mi ò dáa."

Ohun tí Adétóun ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, ó dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun kan péré tó kù ni kó dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n á rán an, á yè, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ti wọ kúlà. Ó wo ọmọbìnrin náà bó ṣe ń wá iṣan lápá rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́.

"Ọwọ́ rẹ kọ́, ọmọ mi," ó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. "Ẹ̀dọ̀ mi ni. Lọ pe ọ̀gá rẹ wá."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: Yẹ̀kínì, wolé-wolé, kòtò, kòkòrò pẹlẹbẹ. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ń retí kí ilé wó lu òun. Jọmílójú jáde kúrò níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, sà."

"Mo rò pé bí ti màlúù ṣe rí nìyẹn," ó sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo ti ka ìwádìí yìí fáwọn àgbà dókítà nílé lóko, kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni ẹ̀dọ̀ náà ṣe le tó. Èmi náà ò bi yín. Oníṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni mo pe ara mi, sísè ni mo ń bá ẹ̀dọ̀ màlúù lórí tábìlì nílé."

"Ti Bàbá Theophilus ńkọ́, sà? Ṣé èmi ni?"

"Mi ò lè sọ pé ẹ̀yin ni. Mi ò sì lè sọ pé ẹ̀yin kọ́. Inú tó rọ̀ máa ń jò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù náà."

Adétóun ì bá fẹ́ kó bú òun ju kó fún òun ní irú èsì yìí lọ. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé e jókòó sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ojú Adétóun ń pọ́n sí i. Ó ní kí Jọmílójú má lọ síbì kankan. Láti ọjọ́ kejì, Títílọpẹ́ ń gbé ẹ̀dọ̀ wá láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé, ẹ̀dọ̀ gidi tí Yẹ̀kínì já kí oníbàárà kankan tó dé, tó rọ̀ tó ń mì. Jọmílójú ń rán an nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù. Ó ti lo ọjọ́ kan gbáko láì bá Adétóun sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ló wá sídìí bẹ́ẹ̀dì, tó ní, "Ìyá, ẹ wá jókòó tì mí."

Adétóun lọ jókòó. Ẹ̀dọ̀ àkọ́kọ́ tó wò, òwú gé ọ̀nà òróòro já bí ẹni gé búrẹ́dì tó rin. Èkejì ya, ẹ̀kẹta ya.

"O ń fà á bí ẹni ń di ẹrù," ó sọ. "Tí mo bá ń yọ àpò òróòro, mi kì í fà á. Mo máa ń jẹ́ kó tẹ̀ lé mi ni. Nígbà tó bá fẹ́ kọ̀, ìka á ti gbọ́. Dúró níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gé ń kọ́ ẹni tó fẹ́ rán an. Lójoojúmọ́, iye tó ń ya ń dín kù, Adétóun sì ń ka èyí tó kù, nítorí kò lè ṣàìka á. Ní Ọjọ́bọ̀, márùn-ún mú omi dúró ṣinṣin. Wọ́n da omi aláwọ̀ sínú ẹ̀kẹfà, wọ́n dúró. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo yọ lójú rírán, ó kán sórí tábìlì. Àwọn méjèèjì wò ó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà rí i. "Ìyá, ẹ lè sọ pé ẹ ò fẹ́," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa bínú. Èmi á rán an."

Gbogbo ara Adétóun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Jọmílójú ń nu tábìlì, ó ń nu ojú kan ṣáá. Adétóun rántí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, pé ọwọ́ rẹ kọ́. Ó wá hàn sí i pé bí òun bá kọ ọwọ́ náà báyìí, irọ́ lòun pa.

"Kó rán an," ó sọ. "Kí ẹ dúró tì í."

Ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń wo oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ní kó má jẹ nítorí iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, òtútù mú un. Jọmílójú tẹ̀ sórí rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn lókè aṣọ ìbomú. Adétóun di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rírọ̀ ni tèmi o," ó sọ. "Kì í ṣe irú èyí tí mo máa ń kó fún ẹ."

"Mo mọ̀, Ìyá."

Ó jí. Rọ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn tirẹ̀ náà, àpò ọ̀rá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìrora wà, ṣùgbọ́n àpò yẹn ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, omi inú rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi ṣan ẹran. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọjọ́ kẹta ṣe mọ́, ó fa aṣọ ìbora rẹ̀ bo àpò náà, ó ní nọ́ọ̀sì kankan kò gbọdọ̀ ṣí i. Títílọpẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó dojú kọ ògiri títí Jọmílójú fi dé.

Jọmílójú náà kò tètè ṣí i. Ó di etí aṣọ náà mú fún ìgbà díẹ̀. Adétóun ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó wá ká a.

"Ó mọ́," ó sọ.

"Tún un sọ."

"Ó mọ́, Ìyá. Omi lásán ni. Ẹ yíjú wò ó."

Adétóun yíjú, ó wò ó. Ó wá sunkún, ìyẹn sì ń dùn ún níbi egbò, ó ń sunkún lọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ti ń rìn. Bàbá Theophilus ti padà sórí bẹ́ǹṣì, ibà rẹ̀ ti lọ, ó ti rù sí i, àpò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti orí bẹ́ẹ̀dì Adétóun dé ibẹ̀ kò tó ogún ìṣísẹ̀. Ó kọ́kọ́ yà síbi fèrèsé, ó tún padà. Ọ̀nà tó lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ kò gùn tó èyí. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ fún un, àwọn dókítà ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó tì í, ó sì sọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Bàbá Theophilus gbọ́ ọ tán láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ pẹlẹbẹ.

"Pépà àpò sìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi ní aṣọ rírán," ó sọ níkẹyìn. "Òun náà lèmi fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Pépà kì í nà, kì í sì í yọ̀. Ẹni tó bá mọ pépà rán á rò pé òun ti mọ aṣọ rán. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo rán, ti obìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ni. Mo bà á jẹ́. Ó sunkún, ó sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A jọ ń fi í rẹ́rìn-ín di òní."

Ara Adétóun bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ó rò pé ó ti tán.

"Ṣùgbọ́n aṣọ nìyẹn," Bàbá Theophilus sọ.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó wo àpò ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti kún. Nọ́ọ̀sì ò tíì dé. Ẹ bá mi tú u."

Ike kan wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Adétóun di ikùn rẹ̀ mú, ó rọra kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, ó ṣí ẹnu àpò, òróòro sì ń ṣàn sínú ike náà. Nígbà tó dá, ó gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ilé ìtọ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún, òróòro kò tíì dà mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Lọ́jọ́ náà, ó dà sí i lára kó tó dé ẹnu ọ̀nà.